Ojú Ewé "À Ń Bọ̀ Láìpẹ́": Ohun Tí Ó Ṣe fún Mi Kí N Tó Ṣí Iléeṣẹ́ Mi, àti Ibi Tí Ó Ti Kùnà

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe áàpù kan pàtó. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, èyí tí àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀ máa ń gbé sórí ayélujára kí ọjà wọn tó ṣe tán: ó máa ń fi ìwọ̀nba gbólóhùn sọ ohun tí ń bọ̀ lọ́nà, ó máa ń fi àyè kékeré kan sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá wù kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀, ó sì parí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é ní landing page. Èmi yóò máa pè é ní ojú ewé "À ń bọ̀ láìpẹ́", nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ni ó sábà máa ń wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá òwò sílẹ̀ lórí ayélujára. Ní ìgbà àkọ́kọ́ n kò lò ó rárá; ní ìgbà kejì mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ ní lílò, ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi yẹ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, ẹni tí ó bá sì lò ó fún ìdí tí kò tọ́ yóò kàn máa tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbà tí n kò lò ó, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ iyì rẹ̀. Èmi àti ẹnìkejì mi fi oṣù mẹ́jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa bá àwọn ayafọ́tò to àwòrán wọn lẹ́sẹẹsẹ. A ṣe é dáadáa; ìrísí rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì ń yára ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a ṣí i ni a tó mọ̀ pé àwọn ayafọ́tò tí a ń kọ ọ́ fún ti ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń ṣe é, pé ọ̀nà náà tẹ́ wọn lọ́rùn, àti pé kò sí ẹni tí ó ṣetán láti sanwó kí ó lè pa á tì. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní àbùkù. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi wọ́n ní oṣù kìíní ni a kò bi wọ́n títí di oṣù kẹsàn-án. Òkèèrè ni a ti í wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú, àwa kò sì gbójú sókè wò ó títí tí a fi dé ìdí rẹ̀.

Nígbà tí èrò kejì dé, èyí tí í ṣe ètò tí àwọn olùkọ́ orin aládàáni yóò fi máa tọ́jú àkókò ẹ̀kọ́ àti owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, mo pinnu pé n kò ní kọ ìlà kan nínú ètò náà títí ojú ewé "À ń bọ̀ láìpẹ́" yóò fi wà níta. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó gbà mí. Ìrọ̀rùn yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yìn nínú rẹ̀, nítorí pé kò béèrè pé kí ènìyàn mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Irú iṣẹ́ tí Carrd ń ṣe láti 2016, níbi tí ènìyàn ti lè to ojú ewé kan ṣoṣo pọ̀ láìkọ ìlà kóòdù kankan, ti tó fún un. Mailchimp náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ fífi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fi irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kún ohun tí ó ń pèsè. Ohun tí ó kù ni orúkọ ìkànnì, èyí tí mo gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti rà ní orúkọ ara wọn dípò kí wọ́n máa lo èyí tí olùpèsè bá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọjọ́ tí ènìyàn bá kó kúrò lọ́dọ̀ olùpèsè náà ni yóò mọ̀ pé àdírẹ́sì tí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sókè pé: "Ètò ìgbàlódé fún ìṣàkóso ẹ̀kọ́ orin." Inú mi dùn sí i, nítorí ó dún bí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ńlá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń wò, wọ́n ń jáde, àwọn tó sì fi ímeèlì sílẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ lọ. Mo wá tọ olùkọ́ dùùrù kan lọ, mo fi ojú ewé náà hàn án lórí fóònù mi, mo sì bi í pé kí ni ó rò pé à ń tà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá ilé ẹ̀kọ́ orin ni a fẹ́ dá sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn là mí lójú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni ó ń sọ nípa ètò mi, kò sí ọ̀kan tí ó ń sọ nípa ìyọnu tirẹ̀. Mo bi í pé kí ni ó máa ń bà á nínú jẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìkọ́ni, kì í sì í ṣe àìrójú, bí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá, tí kò sọ ṣáájú pé òun kò ní wá, tí òbí rẹ̀ yóò sì máa bínú nígbà tí a bá ní kí ó san owó ọjọ́ náà. Mo padà sílé, mo pa gbólóhùn ìgbàlódé yẹn rẹ́, mo sì kọ: "Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kò wá lónìí. Ta ni yóò san owó wákàtí náà?" Láti ọjọ́ náà ni ojú ewé ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí mo kọ ọ́ fún sọ̀rọ̀, tí àwọn tí n kò mọ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì wọn sílẹ̀.

Mo ka èyí sí àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ohun tí ojú ewé náà ṣe fún mi. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti kọ odindi ètò náà tán ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá ni ó ń dun àwọn olùkọ́ jù, ọ̀pọ̀ oṣù ni ìbá gbà mí láti tún un tò. Lórí ojú ewé kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ gbólóhùn wò kò ṣòro: mo máa ń fi ojú ewé náà han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo máa ń gba fóònù padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mo sì máa ń ní kí ó sọ fún mi ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ohun tí ó rí. Bí kò bá lè sọ ọ́, àtúnkọ kàn án. Mo tún kọ́ láti yọ fídíò tí mo fi ṣe ẹ̀yìn ojú ewé náà kúrò, nítorí pé ó ń mú kí ó falẹ̀ lórí fóònù. Ìwọ̀n tí Google ń lò ni pé kí ohun tí ó tóbi jù lọ lójú ewé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, fídíò mi kò sún mọ́ ìwọ̀n yẹn rárá.

Ìtàn tí mo fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú gbogbo èyí ni ti Buffer, iléeṣẹ́ tí ń bá ènìyàn ṣètò àkókò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jáde lórí àwọn ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́. Ní 2010, kí Joel Gascoigne, olùdásílẹ̀ rẹ̀, tó kọ ètò náà, ojú ewé méjì péré ni ó gbé síta. Èkíní ṣàlàyé ohun tí Buffer yóò máa ṣe, bọ́tìnì kan sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye owó rẹ̀ yóò tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò bá ara rẹ̀ lójú ewé kejì, níbi tí a ti sọ fún un pé iṣẹ́ kò tíì parí, kí ó jọ̀wọ́ fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ènìyàn ń fi í sílẹ̀, ó fi ojú ewé kẹta há àárín méjèèjì, ó sì to iye owó síbẹ̀, ti ọ̀fẹ́ àti ti olówó, kí ó lè mọ̀ bóyá wọn yóò ṣì máa tẹ̀ síwájú bí wọ́n bá ti rí owó. Wọ́n tẹ̀ síwájú, àwọn kan nínú wọn sì yan ti olówó. Ìgbà yẹn ni ó tó jókòó ti iṣẹ́. Ó fi bí ọ̀sẹ̀ méje kọ ọ́, ó ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2010, ẹni àkọ́kọ́ sì sanwó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ojú ewé kẹta yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá dúró sí ojú ewé kejì mọ̀ pé àwọn ènìyàn fẹ́ mọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fi ìkẹta sí i ti béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ lè dùn ún.

Èmi gan-an kò tètè fi ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́ tó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí iye owó kankan lórí ojú ewé mi, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé yóò lé àwọn ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo fi bọ́tìnì mẹ́ta síbẹ̀: ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan tí a ó máa san owó díẹ̀ fún lóṣooṣù, àti ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ṣẹlẹ̀: iye àwọn tí ń fi ímeèlì sílẹ̀ lójúmọ́ dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù sọ ohun kan fún mi tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò sọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ni ó wúwo bákan náà. Ẹni tí ó wò tí ó kọjá kò fi nǹkan kan sílẹ̀; ẹni tí ó kọ ímeèlì fún wa láyè láti wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn; ẹni tí ó yan iye owó ti fojú inú wo bí owó náà yóò ṣe jáde nínú àpò rẹ̀. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí "àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí i", a ti da omi pọ̀ mọ́ epo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òtítọ́ níbí, nítorí pé àwọn kan ka irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀tàn. Ó lè di ẹ̀tàn lóòótọ́. Bí ẹni tí ó tẹ iye owó bá ń rí fọ́ọ̀mù tí ń béèrè nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún ohun tí kò tíì sí, ìyẹn kò dára, n kò sì gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ohun tí mo ṣe ni pé gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ó máa ń hàn lẹ́yìn tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì ni pé ètò náà kò tíì ṣe tán, pé a kò ní gba owó kankan lónìí, àti pé yíyàn tí ó yàn yóò ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí a ó kọ. Kò sí ẹni tí ó bínú sí mi. Àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé pé inú àwọn dùn pé a béèrè lọ́wọ́ àwọn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa ìṣirò, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ènìyàn mọ ibi tí àlejò kọ̀ọ̀kan ti wá. Bí 400 ènìyàn bá wọlé tí 20 nínú wọn sì fi ímeèlì sílẹ̀, ìdá 5 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n ìdá 5 yìí lè jẹ́ àwọn ẹbí tó fẹ́ fún wa níṣìírí, ó sì lè jẹ́ àwọn olùkọ́ tí ìṣòro náà ń yọ lẹ́nu gan-an, nọ́ńbà náà kò sì ní sọ èyí tí ó jẹ́. Mo fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí líǹkì kọ̀ọ̀kan tí mo gbé síta, irú èyí tí Google Analytics, ohun èlò Google tí ń ka àwọn àlejò ojú ewé, lè kà, kí n lè ya èyí tí mo fi sí àárín ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ orin sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí mo fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé láti ìgbà náà n kò tún fi nọ́ńbà àpapọ̀ yangàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yíyangàn yìí mú mi dé orí àwọn ìtàn ńláńlá tí a máa ń gbọ́. Ní 2008, Dropbox, iléeṣẹ́ tí ń bá ènìyàn tọ́jú fáìlì sórí ayélujára, gbé fídíò kúkurú kan jáde tí ó fi hàn bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, orúkọ àwọn tí ń dúró dè é sì fò láti nǹkan bí 5,000 sí 75,000 láàárín òru ọjọ́ kan. Robinhood, tí ó ṣèlérí pé ènìyàn yóò lè máa ra ìpín iléeṣẹ́ láìsan owó iṣẹ́ fún alágbàtà, ṣí ojú ewé rẹ̀ ní ìparí 2013. Ó ń fi hàn olúkúlùkù ipò tí ó wà lórí ìlà, ẹni tí ó bá mú ọ̀rẹ́ wá yóò sì sún síwájú, títí tí àwọn tí ń dúró fi sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Iléeṣẹ́ abẹ fífá irùngbọ̀n tí ń jẹ́ Harry's kó ímeèlì tó tó 100,000 jọ ní ọ̀sẹ̀ kan ní 2013, nípa fífún àwọn tó bá pe ọ̀rẹ́ wọn wá ní ẹ̀bùn láti inú ọjà wọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì wúni lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: fídíò Dropbox fi iṣẹ́ tí ó ti ń rìn hàn, ìlérí Robinhood ní owó nínú fún ẹnikẹ́ni tó bá kà á, ẹ̀bùn Harry's jẹ́ ọjà Harry's fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò nílò abẹ kò ní ìdí láti pe ọ̀rẹ́ kankan. Mo ti rí àwọn tí ó fi fóònù olówó ńlá ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá mú ènìyàn wá jù, tí ojú ewé wọn sì kún fọ́fọ́ fún àwọn tí ń lé fóònù. Èmi kò lo ẹ̀bùn rárá, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ orin tí ó ń pe olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba nǹkan kan ti fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn méjèèjì.

Bí a bá ti gba ímeèlì tán, kí ni a ó fi ṣe? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ojú ewé "À ń bọ̀ láìpẹ́" ti ń kú. Ẹni tí ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ yóò rí "Ẹ ṣeun, a ó máa sọ fún yín", lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ yóò tẹ̀ lé e fún oṣù púpọ̀. Ní tèmi, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ó máa ń gba lẹ́tà kúkurú kan ní orúkọ mi, kì í ṣe ní orúkọ iléeṣẹ́, èyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi nípa ìgbà ìkẹyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ yín kò wá: kí ni ẹ ṣe?" N kò béèrè bóyá wọn yóò ra ètò mi, nítorí pé ènìyàn a máa fi ojú àánú dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo béèrè ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó dáhùn kò pọ̀ lápapọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ wọ ènìyàn lára. Ọ̀kan ní òun kì í béèrè owó náà mọ́, nítorí pé ó ti ba àárín òun àti òbí kan jẹ́ rí. Òmíràn ní òun máa ń kọ orúkọ àwọn tí kò wá sẹ́yìn ìwé orin, tí òun sì máa ń gbàgbé ìwé tí òun kọ ọ́ sí. Ẹ̀kẹta ní kì í ṣe owó ni ó ń dun òun bí kò ṣe pé òun ti lé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sẹ́yìn nítorí wákàtí yẹn. Lẹ́tà ẹ̀kẹta yìí yí ètò náà padà pátápátá: dípò kí n kọ́kọ́ kọ apá tí ń gba owó ìtanràn, mo kọ́kọ́ kọ èyí tí yóò fi wákàtí tí ó ṣófo lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídùúró. Bí kì í bá ṣe ojú ewé náà, èmi àti ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kì bá tí pàdé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti kùnà. Olùpèsè àkọ́kọ́ tí mo lò, tí n kò ní dárúkọ, ń jẹ́ kí ènìyàn kó orúkọ jọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fẹ́ kó àkójọ náà jáde sínú fáìlì ni mo rí i pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí ìpele àwọn tí ń sanwó. Mo san án, nítorí kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan olùpèsè, kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ méjì àfidánwò sínú rẹ̀, kí ó sì gbìyànjú láti kó wọn jáde kí ó tó fi ojú ewé náà han ẹnikẹ́ni.

Àbùkù kejì burú ju ìyẹn lọ, ẹ̀bi tèmi sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí mo ń fi ránṣẹ́ ń bọ́ sínú àpótí spam (ibi tí a ń da lẹ́tà tí ènìyàn kò béèrè fún sí) ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé n kò tíì to àwọn àkọsílẹ̀ SPF, DKIM àti DMARC sára orúkọ ìkànnì mi, àwọn tí ó ń jẹ́rìí fún àwọn olùpèsè ímeèlì pé ẹni tí ó ní òun kọ lẹ́tà ni ó kọ ọ́ lóòótọ́. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún àwọn tí ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́. Ti Google ń mú ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn onígímeèlì bá ju 5,000 lọ lójúmọ́, ó sì ń béèrè pé kí àwọn tí ń pe lẹ́tà náà ní spam má ṣe dé ìdá 0.3 nínú 100. Èmi kò sún mọ́ 5,000, ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì tuntun kò ní ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè fi gbà á gbọ́, nítorí náà kí ènìyàn to wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tún fi ìjẹ́rìísí kún un, pé ẹni tó bá kọ ímeèlì yóò rí lẹ́tà kan gbà tí yóò ti tẹ líǹkì kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé. Ó dín orúkọ kù, ó sì mú àwọn àdírẹ́sì tí a kọ ṣì kúrò.

Lórí òfin, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: ímeèlì ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè lò bó ṣe wù wá. Òfin GDPR ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2018, kò ka àpótí tí a ti bá ènìyàn fi àmì sí tẹ́lẹ̀ sí ìyọ̀ǹda, òfin CAN-SPAM ti Amẹ́ríkà, tí ó wà fún ímeèlì ìpolówó, sì fi ọjọ́ iṣẹ́ 10 sílẹ̀ láti yọ orúkọ ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́. Ìlà kan tí ó sọ ohun tí a ó fi ímeèlì náà ṣe, àti líǹkì tí ènìyàn lè gbà jáde, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí. Ní ti aago tí ń ka ọjọ́ sẹ́yìn, mo yọ tèmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń fi dandan mú mi sí ọjọ́ tí n kò lè dá lójú, kò sì sọ ohunkóhun fún olùkọ́ orin.

Kì í ṣe gbogbo òwò ni ó yẹ fún. Bí ó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ńlá mẹ́wàá péré ni ó lè ra ohun tí ènìyàn ń tà, kí ó gbé fóònù kí ó pè wọ́n. Ojú ewé yóò kàn fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Bákan náà, bí ohun tí ènìyàn ń ṣe bá jẹ́ èyí tí a kò lè lóye rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, gbólóhùn mẹ́ta kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kà á.

Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Lọ́jọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn, n kò kọ lẹ́tà sí gbogbo àkójọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ti dáhùn ìbéèrè mi ni mo kọ́kọ́ kọ sí, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ti yan iye owó, àwọn yòókù sì gbẹ̀yìn. Àárín àwọn ìṣọ̀rí méjì àkọ́kọ́ ni gbogbo àwọn tó sanwó ní oṣù kìíní ti wá. Máàkì kan tí mo yọ jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àkókò, nítorí pé ojú ewé yìí kì í sọ fún ènìyàn ìgbà tí ó yẹ kí ó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Bí mo bá tún fẹ́ lò ó lẹ́ẹ̀kẹta, iye owó yóò wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, n kò sì ní jẹ́ kí ó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, dáhùn lẹ́tà ìṣílẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni mo ti rí àdírẹ́sì òun?